Aago mẹ́rin la pè é, aago mẹ́fà la bẹ̀rẹ̀: ìbéèrè yín lórí Táò, àkókò àti ìpàdé àwùjọ

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a kọ díẹ̀ nípa ìlànà Táò, ọ̀nà ọgbọ́n àtijọ́ ti àwọn ará Ṣáínà, a sì fi í wé bí àwọn ìran kan ní Áfíríkà ṣe ń lo àkókò níbi ìjókòó. Lẹ́tà yín rọ́ wọlé lẹ́yìn náà. Àwọn tó jọra, a pa wọ́n pọ̀. A sì yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń kọ sínú ìwé ìpè, ṣùgbọ́n ká tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà á ti lù. Bí mo bá fẹjọ́ sùn, ọ̀kan nínú wa tó ti ka ìwé Laozi, àgbà ọlọ́gbọ́n Táò nígbàanì, á ní kí n fara balẹ̀, pé àwọn ọlọ́gbọ́n Táò kì í lé àkókò, pé kí n jẹ́ kí ìpàdé máa ṣàn bí omi. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ọ̀rẹ́ yín mú nínú ìwé náà. Lóòótọ́, Laozi gbóríyìn fún omi. Orí 81 ni ìwé rẹ̀ ní; ní orí kẹjọ ló ti ka ìwà omi lẹ́sẹẹsẹ, tó ní ibi tó rẹlẹ̀, tí gbogbo èèyàn kórìíra, ni omi ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ohun tó kà sí dáadáa níbẹ̀ gan-an ni pé kí ìgbésẹ̀ ẹni bọ́ sí àsìkò. Ẹni tó pẹ́ wákàtí méjì kò bọ́ sí àsìkò kankan. Orí 63 tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó bá ń ṣèlérí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìwọ̀nba ni àwọn èèyàn máa gbà á gbọ́ mọ. Aago mẹ́rin tí ẹ kọ sínú ìwé ìpè, ìlérí ni.

Ohun tó ṣi ọ̀rẹ́ yín lọ́nà ni èyí tí wọ́n ń pè ní wu wei, pé kéèyàn má fi ipá ṣe nǹkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ọ, wọ́n rò pé kí á káwọ́ gbera ló túmọ̀ sí. Zhuangzi, ọlọ́gbọ́n Táò mìíràn tó gbé ayé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, fi alásè kan tó ń kun màlúù fún ọba ṣàlàyé rẹ̀. Alásè tí kò mọṣẹ́ ń pààrọ̀ ọ̀bẹ lóṣooṣù, torí eegun ló ń fi í ṣá. Èyí tó mọ̀ ọ́n díẹ̀ ń pààrọ̀ lọ́dọọdún, torí ẹran ló ń gé. Ọ̀bẹ ti ọ̀gá yìí ti lo ọdún 19, ó ti kun ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù, ojú rẹ̀ sì mú bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òkúta ìpọ́nbẹ, nítorí àlàfo tó wà láàrin oríkèé ló ń gbà. Ìparí ìtàn náà ni àwọn agbèjà ìpẹ́lẹ́yìn kì í kà dé. Alásè náà ní bí òun bá kan ibi tí iṣan ti lọ́ mọ́ra, òun á dẹwọ́, òun á tẹjú mọ́ ọn, ọ̀bẹ á mira díẹ̀ báyìí, ẹran á já sílẹ̀ gbì. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀, làwọn àgbà tiwa wí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí ẹ̀sọ̀ yẹn wà: ojú iṣẹ́ ni, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Kò síbi tí ìtàn náà ti sọ pé alásè jẹ́ kí ọba máa retí òun.

Ẹ tún wo ètùtù àwùjọ tí àwọn àlùfáà Táò ń ṣe fún odindi abúlé, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ jiao. Ní Kam Tin, ní Hong Kong, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe é, gbogbo ìlú á sì yàgò fún ẹran jíjẹ láwọn ọjọ́ náà. Wọ́n á yẹ àlùmánáàkì wò, wọ́n á mú ọjọ́, wọ́n á mú wákàtí. Nínú ìṣirò àtijọ́ Ṣáínà, ọ̀nà 12 ni tọ̀sán-tòru pín sí, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí méjì tiwa. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá òru, ó parí ní aago kan. Àyè fífẹ̀ ni wọ́n ń dá, wọn kì í dá ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, bí àyè náà bá ti kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Ohun tí ẹgbẹ́ yín ṣe ni pé ẹ ń dá ìṣẹ́jú kan pàtó tí ẹnikẹ́ni kò gbà gbọ́, ẹ kò sì dá àyè kankan.

Ìbéèrè: Kí wá ni ká ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwe dá wa lóhùn, ẹ sọ ọ́ ní ìgbésẹ̀. Ọgbọ̀n èèyàn ni wá. (Alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: dídé, ṣíṣí, àti ọ̀rọ̀ gan-an. Aago ló ni dídé. Iye èèyàn tó pé ló ni ṣíṣí. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló ni ìgbà tó máa parí. Ibi tí ẹgbẹ́ ti ń dàrú ni pé wọ́n á fi ohun tó yẹ kó darí ọ̀kan darí èkejì.

Nínú ìwé ìpè, ẹ kọ “láti aago mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin”. Ìdajì wákàtí yẹn gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó tètè dé lẹ ń fìyà jẹ. Kí akápò ti gbé tábìlì rẹ̀ síta ní mẹ́ta ààbọ̀, kó máa gba owó oṣù, kó máa dáhùn ìbéèrè lórí owó yíyá. Lẹ́yìn aago mẹ́rin, kó pa ìwé dé. Ẹni tó bá kù, ó di oṣù tó ń bọ̀, tòun ti owó ìtanràn tí ẹ bá ti fẹnu kò sí. Àsìkò yìí náà ni kí ẹ kíra yín. Ìkíni Yorùbá kì í ṣe nǹkan tí a ń gé kúrò, ṣùgbọ́n ó ní ààyè tirẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Orí kejì ìwé Zhuangzi sọ ti ọkùnrin kan tó ń sin ọ̀bọ. Ó ní òun á máa fún wọn ní èso mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́rin nírọ̀lẹ́. Inú bí wọn. Ó ní ó dáa, mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́ta nírọ̀lẹ́. Ara wọn yá gágá. Méje náà ló jẹ́. Bó bá ṣe pé ìparí ìpàdé ni ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín máa ń jáde, ẹ ti kọ́ àwọn èèyàn pé ìparí ló tọ́ kí wọ́n bá. Ẹ gbé mọ́ínmọ́ín wá sí mẹ́ta ààbọ̀, kí ẹ fi ohun mímu sí ìparí. Owó tí ẹ ń ná kò ní fi kọ́bọ̀ lé sí i.

Ní ti ṣíṣí, ẹ mú iye kan kí ọjọ́ tó pé. Nínú èèyàn 30, méjìlá tó, bí ọ̀kan ó kéré tán nínú alága, akọ̀wé tàbí akápò bá wà níbẹ̀. Bí méjìlá bá pé ní aago mẹ́rin, ẹ gbàdúrà, ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá pé, ẹ dúró di mẹ́rin ààbọ̀, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà kí àwọn tó wà níkàlẹ̀ gbọ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe pinnu ohunkóhun. Ẹni tó bá pẹ́ dé á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ lẹ́yìn, á ní “ẹ kú ìjókòó o”, ẹ jọ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kó má yí ká máa kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí alága má sì ṣe tún ọ̀rọ̀ sọ nítorí rẹ̀. Àtúnsọ yìí ló ń pa ìpàdé ju ohunkóhun mìíràn lọ: ẹni márùn-ún tó pẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ìṣẹ́jú 25 ti lọ, àwọn tó tètè dé sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà mẹ́fà. Ẹ fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà tó máa fi àkọsílẹ̀ hàn án.

Ọ̀rọ̀ tó nípọn kan ṣoṣo ni ìjókòó kan lè gbé. Ẹ fi ọ̀kan tó fúyẹ́ ṣáájú rẹ̀ kí ẹnu lè yọ̀. Tó bá kan èyí tó nípọn, ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, alága ló máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ní kgotla, ìyẹn ìpàdé gbogbo ìlú, ti àwọn Tswana ní Botswana, ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ ló lè sọ tẹnu rẹ̀, kgosi, ìyẹn ọba wọn, á sì dákẹ́ títí dé ìparí kó tó kó ọ̀rọ̀ jọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nelson Mandela ṣe ròyìn ààfin Jongintaba, adelé ọba àwọn Thembu, ní Mqhekezweni ní South Africa, níbi tó dàgbà sí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: bí bàbá bá ti kọ́kọ́ sọ ibi tí òun dúró sí, “bí bàbá ṣe wí” ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo ọmọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí 20 èèyàn bá wá, ìṣẹ́jú méjì méjì, 40 ni. Ní àyíká àkọ́kọ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fèsì fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dákẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì. A mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Orí 15 Laozi ló bi wá pé ta ló lè jẹ́ kí omi tó rú dákẹ́ títí á fi tòrò. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ẹni tí ẹnu ń yún á gba ìdákẹ́ náà mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Nítorí náà alága nìkan ló ń kéde òpin rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì há, ẹ ṣe bíi ti àwọn àgbà Akan ní Ghana, tí wọ́n máa ń bọ́ sẹ́yìn ilé, tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ bi ìyá arúgbó. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n padà wá pẹ̀lú ẹnu kan. Ẹ máa pààrọ̀ àwọn tó ń bọ́ sẹ́yìn ilé yìí. Bó bá jẹ́ àwọn kan náà ni nígbà gbogbo, láàrin oṣù mẹ́ta wọ́n á ti di ẹgbẹ́ nínú ẹgbẹ́.

Kí ẹ tó gbàdúrà ìparí, kí akọ̀wé ka ìpinnu sókè: kí ni, ta ló máa ṣe é, èló, ìgbà wo. Bí ẹ bá fi í sí ẹ̀yìn àdúrà, àwọn èèyàn ti dìde, wọ́n ń wá bàtà. Orí 64 Laozi ní ibi tí iṣẹ́ ti kù díẹ̀ kó parí ni àwọn èèyàn ti máa ń bà á jẹ́ jù.

Ìbéèrè: Ọ̀rọ̀ kan wà láàrin ìdílé wa lórí ẹni tó máa gba ipò olórí ẹbí. A ti jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di ariwo. Àwọn kan ní ká dìbò ká parí rẹ̀, àwọn kan ní ká fi í sílẹ̀ kó jinná. Báwo la ṣe máa mọ ìgbà tó jinná? (Ọmọ ẹbí kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Àpẹẹrẹ tó dára jù tí a mọ̀ ni ti Serowe, ní ilẹ̀ tó di Botswana lónìí. Seretse Khama ni àrólé oyè àwọn Bangwato, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Tswana. Ní oṣù Kẹsàn-án 1948, ó gbé Ruth Williams, ọmọbìnrin òyìnbó, níyàwó ní London, láìgba àṣẹ ìdílé. Tshekedi, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń di ipò náà mú, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n pe kgotla ní oṣù Kọkànlá 1948: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó sọ̀rọ̀ lòdì sí i. Wọ́n tún pè é ní ìparí oṣù Kejìlá: ohùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ní oṣù Kẹfà 1949, wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kẹta. Seretse ní kí àwọn tí kò fẹ́ ìyàwó òun dìde. Nǹkan bí ogójì ló dìde. Ó ní kí àwọn tó gbà á dìde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló fò dìde, ariwo sọ. (Ìjọba Bìrìtìkó ṣì lé e kúrò nílùú lẹ́yìn náà, wọn kò jẹ́ kó padà títí di 1956. Ó di ààrẹ àkọ́kọ́ Botswana ní 1966.)

Ká ní wọ́n ti dìbò ní oṣù Kọkànlá, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Láàrin ìjókòó kan sí èkejì, àwọn èèyàn padà sílé, wọ́n rò ó, wọ́n sì rí i pé bí Seretse bá lọ, Tshekedi ló máa jẹ gàba. Ìyẹn gan-an ni àmì àkọ́kọ́: ọ̀rọ̀ tó ń jinná, ohùn máa ń yí láàrin ìjókòó méjì. Ẹ ka àwọn tó ti yí ohùn padà. Àmì kejì ni pé ohun tuntun ń jáde: ìwé kan, ẹlẹ́rìí kan, ìbẹ̀rù kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ. Bí ẹ bá jókòó tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìjẹta ni gbogbo ẹnu tún ń sọ, kò jinná o, ó ń kan ni.

Ìsúnsíwájú tó dára máa ń ní ọjọ́, ó sì máa ń ní iṣẹ́. “Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná” kì í ṣe ìpinnu. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, lágbájá á ti lọ rí àwọn ìyá, làkáṣègbè á ti mú ìwé ilẹ̀ wá,” ìyẹn ni ìpinnu. Ẹ tún bi ara yín pé ta ni ìdúró yìí ń ṣe láǹfààní. Bí ẹni tó ń gba owó ilé báyìí ló ń pariwo sùúrù jù, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìjókòó kẹta láìsí ohùn tó yí, àbá wa ni pé kí ẹ yan ẹnì kan fún oṣù mẹ́fà péré, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé fún ìgbà díẹ̀ ni, kí ẹ tún jókòó. Ìpinnu tó ṣeé yí padà máa ń rọrùn fún ẹni tó fìdí rẹmi láti gbà.

Àléébù kan wà nínú àpẹẹrẹ wa tí a kò ní bò: ọkùnrin ló ń jókòó ní kgotla ayé ìgbà náà. Ohun tí àwọn obìnrin rò, ilé ló ti gba ẹnu ọkùnrin dé ibẹ̀. Ẹ̀yin ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin ilé yín. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà tí kò yẹ kó dúró jinná rárá: owó ilé ìwòsàn, ọjọ́ kóòtù, ilé tó fẹ́ wó. Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn.

Ìbéèrè: Àbúrò mi fẹ́ ọmọ Tanzania. Wọ́n pè wá sí ìjókòó ìdílé ní Dar es Salaam, wọ́n ní “saa tatu asubuhi”. Ẹnì kan ní aago mẹ́ta nìyẹn. Aago mẹ́ta òru kẹ̀? (Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó, Èkó)

Ìdáhùn: Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí oòrùn bá yọ ni àwọn elédè Swahili ti ń ka wákàtí. Aago méje àárọ̀ tiwa ni saa moja, ìyẹn wákàtí kìíní. Aago mẹ́sàn-án ni saa tatu. Ọ̀sán gangan ni saa sita. Ẹ fi mẹ́fà kún un tàbí kí ẹ yọ mẹ́fà, ẹ ó bá a. Bákan náà ni wọ́n ń ka aago ní Ethiopia. Fóònù yín á máa fi ti òyìnbó hàn, torí náà nígbàkígbà tí wọ́n bá dá àkókò fún yín, ẹ bèèrè bóyá ti Swahili ni tàbí ti òyìnbó. Kò sẹ́ni tó máa bínú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi ara wọn.

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa kọ́ wa pé John Mbiti ní ọmọ Áfíríkà kò ní ọjọ́ iwájú nínú èrò rẹ̀, pé ìyẹn ló fà á tí a kì í fi í tètè dé ìpàdé. Kí lẹ rí sí i? (Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Apá kejì gbólóhùn yẹn, olùkọ́ yín ló ni ín, kì í ṣe Mbiti. Ọmọ Kenya ni Mbiti, ọdún 1969 ló gbé èrò náà jáde. Ọ̀rọ̀ Swahili méjì ló fi gbé e kalẹ̀: Sasa, ìyẹn ìsinsìnyí pẹ̀lú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá àti èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, àti Zamani, ìgbà láéláé tí gbogbo nǹkan ń wọ̀ sí. Ó ní ọjọ́ iwájú tó jìnnà kò sí níbẹ̀, èdè Kikamba àti Gikuyu ló sì gbé ẹ̀rí rẹ̀ lé. Kwame Gyekye ti Ghana takò ó, ó ní èdè Akan kò gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà àwọn àwùjọ fúnra wọn. Ọjọ́ 42 ni àwọn Asante ní Ghana fi ń ka ọjọ́ àjọ̀dún Akwasidae kan sí òmíràn, tí Asantehene, ọba wọn, á jókòó gba àwọn èèyàn ní ààfin Manhyia ní Kumasi. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń bọ́ sí. Àwọn Borana ní gúúsù Ethiopia ń pe ìpàdé ńlá wọn, Gumi Gaayo, ní ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ, níbi tí wọ́n ti ń kéde òfin tuntun tí wọ́n sì ń tún ti àtijọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tí kò ní ọjọ́ iwájú, báwo ló ṣe dá ìpàdé ọdún mẹ́jọ? Tiwa náà ńkọ́: ọrún, ìsán, ìtàdógún, tí ọjà, ọ̀sẹ̀ òrìṣà àti èésú ń tẹ̀ lé? Ẹ rántí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Bí a bá jókòó lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni ọrún rẹ̀, kì í ṣe Àbámẹ́ta. Ìtàdógún rẹ̀ ni Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ méjì bá kọjá. Ìṣirò yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ń ṣì, tí wọ́n á fi dé ọjà lọ́jọ́ tí ọjà ti tú.

Ohun tí Mbiti rí tó sì tọ̀nà ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ ló ń bí àkókò, àti pé ẹni tó jókòó tó ń dúró kò fi dandan jẹ́ ẹni tó ń fi àkókò ṣòfò. Kò sọ pé kí ẹ pẹ́ dé kíláàsì.

Ìbéèrè: Mùsùlùmí ni mí. Bí mo bá ka ìwé Laozi, ṣé mi ò ti wọ ẹ̀sìn mìíràn? (Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ìwé náà ti wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ẹ̀sìn Táò tó ní ìjọ. Ọdún 142 lẹ́yìn ìbí Kristi ni Zhang Daoling dá ìjọ sílẹ̀ ní Sichuan, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ ti ń san òṣùwọ̀n ìrẹsì márùn-ún. Àlùfáà, tẹ́ńpìlì àti òrìṣà wà nínú ìyẹn. Kò sí ọ̀kankan nínú ìgbésẹ̀ tí a kọ sókè yìí tó la ìjọsìn lọ. Tọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ bi alfa yín.

Ìbéèrè: Àwọn àgbà wa máa ń fò dìde bínú láàrin ìpàdé, ó sì máa ń dìjà. Ǹjẹ́ oògùn wà? (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Àwọn Dogon ní Bandiagara, ní Mali, fi ilé kíkọ́ wo àrùn yìí. Toguna ni ilé ìpàdé wọn ń jẹ́. Pòròpórò ọkà tí wọ́n tò nípọn lérí ara wọn ni òrùlé rẹ̀, ó ń dènà oòrùn, ó sì rẹlẹ̀ débi pé èèyàn kò lè nàró tán lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fò dìde bínú, orí rẹ̀ á gbá òrùlé; á tún jókòó ni. Ẹ̀yin tí òrùlé yín ga, ẹ gbé òfin kalẹ̀ pé ìjókòó ni a ti ń sọ̀rọ̀. Ó ta ko àṣà wa díẹ̀, nítorí ọmọdé máa ń dìde láti bọ̀wọ̀ fún ilé. Kó dìde kí ilé, kó jókòó, kó wá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Ẹbí wa wà ní Ìbàdàn, London àti Houston. Orí Zoom la ti ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù. Bí àwọn kan bá ti dé, àwọn kan ti sùn. (Àrẹ̀mọ ilé, London)

Ìdáhùn: Aago Nàìjíríà ni kí ẹ dì mú, torí òun nìkan ni kì í yí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Ìbàdàn jẹ́ méje ní London àti aago kan ọ̀sán ní Houston lásìkò òtútù wọn. Lásìkò ooru, mẹ́jọ ni London, méjì ọ̀sán ni Houston. Ibi tó ti ń dojú rú ni pé ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta ni Amẹ́ríkà ń sún aago síwájú, Bìrìtìkó á dúró di Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà. Tó bá dìgbà ìdápadà, Bìrìtìkó á ṣáájú ní Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, Amẹ́ríkà á tẹ̀ lé e ní Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Láàrin àlàfo méjèèjì yìí, méje ni London, méjì ni Houston. Bí ìpàdé yín bá bọ́ sínú rẹ̀, ẹ kọ aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé ìpè.

Zoom ọ̀fẹ́ ń gé ìpàdé ní ìṣẹ́jú 40. Bí ẹ bá fi 25 kíra yín tí ẹ sì gbàdúrà, kí ló kù? Kí bàbá àgbà gba ohùn àdúrà sílẹ̀ sórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ìkíni máa lọ níbẹ̀ títí di alẹ́. Ìdákẹ́ ìṣẹ́jú méjì tí a dámọ̀ràn fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní ṣiṣẹ́ fún yín, lórí fóònù, gbogbo èèyàn á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, wọ́n á máa pariwo “ẹ ń gbọ́ mi?”. Dípò rẹ̀, ẹ pín ìpàdé sí méjì: alẹ́ Àbámẹ́ta kí kálukú sọ tirẹ̀ láti orí ọmọ tó kéré jù, kí ẹ pa á, alẹ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ẹ ti sùn lé e lórí, ìṣẹ́jú 40 fún ìpinnu nìkan.